Ẹ kó ewé iṣu wa lọ, ẹ jẹ́ kí èsì rẹ̀ padà wá sílé

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí ti wà lọ́kàn wa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. A kọ́kọ́ ní ká fi í mọ́ra, ṣùgbọ́n a rí i pé ọ̀rọ̀ gbogbo wa ni.

Soutenance ọmọ wa kan la lọ bá a ṣe ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan tí a kò ní dárúkọ, nítorí pé a kò wá rojọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ náà ń parí lìsáǹsì rẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní biologie moléculaire, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa àwọn nǹkan kéékèèké tó wà nínú ewé, nínú ẹran ara àti nínú ẹ̀jẹ̀, tí ojú lásán kò lè rí. Ẹ̀yin náà mọ bí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí ọkọ̀ ti gbéra ní Ṣábẹ̀. Kúlà oúnjẹ mẹ́ta wà lẹ́yìn ọkọ̀, àwọn ìyá wọ aṣọ kan náà, ẹnì kan ń fi fóònù ya gbogbo ohun tó bá ti mì. Nígbà tí a débẹ̀, ọmọ wa dúró níwájú àwọn olùkọ́ mẹ́ta pẹ̀lú kóòtù tó yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, ó fi Faransé sọ̀rọ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú, àwòrán ń yọ lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n bi í ní ìbéèrè, ó dáhùn. Wọ́n ní ká bọ́ síta, wọ́n tún ní ká wọlé, wọ́n sì kéde pé ó yege dáadáa. Ariwo sọ. A jó, a ya fọ́tò, a jẹ, a mu.

Ní ọ̀nà àbọ̀, bí a ṣe ń jáde ní Bohicon, bàbá ọmọ náà yíjú sẹ́yìn nínú ọkọ̀, ó ní, "Ẹ dákun, kí ni ọmọ yìí ń ṣe gan-an láti ọdún yìí wá?" Ọ̀kan nínú wa ní ọ̀rọ̀ iṣu ni. Ẹlòmíràn ní ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kan tó ń gbóná tó ń tutù ni. Ìyá rẹ̀ ní òun kàn mọ̀ pé kì í sùn. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ènìyàn mẹ́rìnlá la wà nínú ọkọ̀, owó gbogbo wa wà nínú ẹ̀kọ́ ọmọ yẹn, kò sì sí ẹyọ kan nínú wa tó lè sọ ohun tó kọ́.

Ẹni tó yẹ kó mọ̀ jù lọ kò tilẹ̀ sí nínú ọkọ̀. Ìyá àgbà kan ni, ní abúlé kan lẹ́yìn Ṣábẹ̀, tó ti ń dá oko iṣu láti ìgbà èwe rẹ̀. Oko rẹ̀ ni ọmọ náà ti já ewé tó fi ṣe iṣẹ́ yìí, oríṣi iṣu mẹ́rìnlélógún. Bó ṣe ń já a lọ́wọ́, ìyá náà mú un dé ibi ebè méjì, ó ní, "Ọmọ mi, iṣu tó wà níhìn-ín, ọ̀dọ̀ àwọn àna mi ni mo ti gbà á. Èyí tó wà lọ́hùn-ún, ọjà Glazoué ni mo ti rà á. Orúkọ wọn yàtọ̀. Àmọ́ ewé wọn bára mu, ẹ̀gún wọn bára mu. Ṣé iṣu kan náà ni?" Ọmọ náà ní òun á wò ó, òun á sì padà wá sọ fún wọn. Nígbà tí a fi ń ṣe soutenance, ìyẹn ti pé oṣù mẹ́jọ.

Èrò tiwa rèé, ẹni tí kò bá gbà á kó bá wa jiyàn. Ìwé ìwádìí tí ọmọ bá fi ewé wa, ẹ̀jẹ̀ wa tàbí omi kànga wa ṣe, kì í parí lọ́jọ́ soutenance. Ọjọ́ tó bá padà wá sọ ohun tó rí fún ẹni tó fún un ní ewé, ní èdè tí ẹni náà gbọ́, ọjọ́ náà ló parí. Àwa òbí náà sì ní ẹ̀bi tiwa níbẹ̀. Owó tí a ń ná lórí kúlà oúnjẹ yẹn, bó bá jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ la ná lórí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà ṣáájú, iṣẹ́ náà ì bá dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á sọ pé, ewé iṣu kẹ̀? Kí ló le níbẹ̀? Àwa náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí a padà délé, a pe ọmọ náà jókòó, a ní kó ṣàlàyé fún wa bí ẹni tó ń bá ọmọ kékeré sọ̀rọ̀. Ohun tí a gbọ́ nìyí.

Nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì ewé, okùn tín-ín-rín kan wà tí wọ́n ń pè ní DNA. ADN ni àwọn ọmọ wa tó ń fi Faransé kàwé ń pè é. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni wọ́n fi kọ ohun tó wà lára okùn yìí, A, T, G àti C. Bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra wà lára ohun tó ń sọ bóyá iṣu á funfun tàbí á pọ́n, bóyá á tètè ta tàbí á pẹ́. Láti rí okùn náà, ọmọ á kọ́kọ́ tọ́jú ewé sínú ọ̀rá tó ní hóró kan tó ń fa omi mu, kí ewé lè gbẹ kíákíá kó má baà jẹrà. Á lọ̀ ọ́ lúbúlúbú. Á dà á sínú omi gbígbóná tó ní nǹkan bí ọṣẹ, kí ara sẹ́ẹ̀lì lè tú. Á fi kẹ́míkà yọ ọ̀rá àti èérí kúrò, á wá da ọtí líle tó tutù sí i, DNA á sì dì bí òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ó jọ iṣẹ́ ìyá tó ń se epo, àbí? Ṣùgbọ́n iṣu ní ìyọnu tirẹ̀. Ẹ mọ omi yíyọ̀ tó ń mú kí iṣu bọ́ lọ́wọ́ ẹni nígbà tí a bá ń bẹ ẹ́. Irú rẹ̀ wà nínú ewé pẹ̀lú, ó máa ń lẹ̀ mọ́ DNA, kì í sì í jẹ́ kí iṣẹ́ tó kàn ṣeé ṣe. Ọmọ wa tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́rin kó tó mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ẹ̀rọ tó ń gbóná tó ń tutù, èyí tí ẹnì kan dárúkọ nínú ọkọ̀. PCR ni orúkọ iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà ń ṣe. Ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Kary Mullis ló ronú kàn án ní 1983, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1993. Ẹ̀rọ náà á gbé ooru dé nǹkan bí 95 lórí ìwọ̀n Celsius, okùn DNA tó lọ́ mọ́ra ní méjì á sì yà. Á sọ ooru kalẹ̀ sí nǹkan bí 55 tàbí 60, kí ègé kékeré tí wọ́n fi ń sàmì sí ibi tí wọ́n ń wá lè lẹ̀ mọ́ ọn. Á tún gbé e dé 72, kí ẹ́ńsáìmù kan wá kọ ẹ̀dà rẹ̀. Ọ̀kan á di méjì, méjì á di mẹ́rin, mẹ́rin á di mẹ́jọ. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà 30, ẹyọ kan lè di ohun tó lé ní bílíọ̀nù kan. Wọ́n á wá da gbogbo rẹ̀ sí ojú ohun kan tó dì bí ẹ̀kọ, iná mànàmáná á sì máa wọ́ DNA gba inú rẹ̀ kọjá. Èyí tó kúrú á sáré lọ síwájú, èyí tó gùn á kù sẹ́yìn. Bí ilà iṣu méjì bá dúró síbi kan náà, tó sì rí bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ibi tí wọ́n wò, a jẹ́ pé kò sí ìyàtọ̀ láàárín wọn níbẹ̀. Ìbéèrè ìyá àgbà yẹn gan-an ni ẹ̀rọ náà ń gbìyànjú láti dáhùn.

Ẹ́ńsáìmù yẹn kì í ṣe nǹkan tí a lè gbé sórí àga. Inú fíríìsà ló ń gbé, ní ìwọ̀n 20 nísàlẹ̀ òdo. Ní oṣù kejì iṣẹ́ ọmọ wa, iná lọ ní òpin ọ̀sẹ̀. Ẹni tó yẹ kó tan ẹ̀rọ amúnáwá ti lọ síbi òkú. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ajé, yìnyín inú fíríìsà ti yọ́ tán, omi ti ń ṣàn nílẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n fi òmíràn ránṣẹ́ láti Yúróòpù, ó sì gba ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá kó tó dé. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá! Ọmọ náà kò sọ fún wa. Ó ní bí òun bá pè láti sọ pé òun ń dúró de nǹkan kan tó ń gbé inú fíríìsà, a máa rò pé òun ń fi owó wa ṣeré ní ìlú ńlá. Ó jẹbi bí kò ṣe sọ, ṣùgbọ́n kò purọ́ mọ́ wa. Ohun tí a ì bá rò gan-an nìyẹn.

Ìkóríta yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń ṣìnà. Àsìkò ń lọ, ọjọ́ soutenance ti sún mọ́lé, kẹ́míkà kò dé, ilé sì ti rán aṣọ. Ọmọ á wá ìwé tí ẹnì kan kọ ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, á yí orúkọ abúlé padà, á yí ọjọ́ padà, nọ́ńbà inú rẹ̀ á wà bó ṣe wà. Òmíràn á sanwó fún ẹni tó ń bá wọn kọ ọ́. Ní Nàìjíríà, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní prójẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n sábà máa ń ṣe é ní ọdún kẹrin, irú ọ̀rọ̀ kan náà la ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ àbúrò wa. Ọmọ méje á pín iṣẹ́ kan, ẹnì kan ṣoṣo á fọwọ́ kan pípẹ́ẹ̀tì, àwọn yòókù á máa dáwó. Wọ́n ní SIWES níbẹ̀ láti 1973, tó ń rán ọmọ lọ síbi iṣẹ́ kó tó parí ẹ̀kọ́, ìyẹn sì dára, ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n rán lọ síbi tí kò ní ẹ̀rọ, yálà ó lo oṣù mẹ́ta ni tàbí mẹ́fà, fáìlì ló máa kó.

A kò sọ pé ìwé jíjí dára. Ẹni tó kọ nọ́ńbà tí kò rí sílẹ̀ ti purọ́, àgbẹ̀ tó bá gbà á gbọ́ ló máa jìyà rẹ̀. Àmọ́ kí a tó na ọmọ, ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ta ló fi hàn án pé ayẹyẹ ṣe pàtàkì ju iṣẹ́ lọ? Àwa ni. Nígbà tó pè láti béèrè owó kẹ́míkà, a ní kó ní sùúrù. Nígbà tó pè láti sọ ọjọ́ soutenance, a ta ewúrẹ́.

Ẹ̀gbọ́n kan tí a bọ̀wọ̀ fún, tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, kò gbà pẹ̀lú wa. Wọ́n ní ọmọ lìsáǹsì kò lè ṣàwárí ohunkóhun. Kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń di pípẹ́ẹ̀tì mú, kó kọ ojú ewé ogójì, kó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ìwádìí gidi di ìgbà master àti dọ́kítọ̀. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, òótọ́ sì wà níbẹ̀. Oṣù díẹ̀ ni ọmọ náà ní, ọwọ́ rẹ̀ kò sì tíì dán. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ iṣu yìí náà.

Ó pẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Benin ti máa ń wọ igbó lọ wa iṣu igbó. Wọ́n á gbìn ín sóko, wọ́n á máa tọ́jú rẹ̀ lọ́dọọdún, wọ́n á máa ṣa èyí tó dára nínú rẹ̀, títí á fi di iṣu oko. Àwọn onímọ̀ fi DNA yẹ irú iṣu bẹ́ẹ̀ wò ní Benin níbí, ìwé wọn sì jáde ní 2006: wọ́n rí iṣu igbó gidi nínú rẹ̀, wọ́n sì rí èyí tí ti igbó àti ti oko jọ bí. Ní 2017, ìwé àkọ́kọ́ tó to DNA iṣu funfun jáde. (Ẹ tilẹ̀ mọ̀ pé iṣu ní akọ, ó ní abo, bí ìbẹ́pẹ? Ìwé yẹn wádìí ìyẹn náà. Àwọn kan nínú wa tí wọ́n ti ń jẹ iyán láti ogójì ọdún kò mọ̀.) Ní 2019, àwọn kan wo iṣu igbó àti iṣu oko 167, wọ́n ní agbègbè odò Ọya ni iṣu funfun ti di ohun oko, láti ara iṣu kan tó ń hù nínú igbó dídí. Kò pé ọdún méjì, ní 2020, àwọn mìíràn tó lo iṣu tí IITA tọ́jú sí Ìbàdàn ní kò rí bẹ́ẹ̀: iṣu igbó dídí àti iṣu ilẹ̀ ọ̀dàn ló jọ bí i.

Ẹ ò rí i pé ẹjọ́ náà kò tíì parí. Ẹnu oko wa ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Ọmọ tó mọ orúkọ iṣu mẹ́rìnlélógún nínú oko ìyá kan, tó mọ ọjà tàbí ilé àna tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá, ó mọ ohun tí ẹni tó jókòó sí Faransé tàbí Jàpáànì kò lè mọ̀ bó ti wù kí ẹ̀rọ rẹ̀ tóbi tó. Kò tilẹ̀ dìgbà tí a bá dé òkè òkun. Ní Ìdáṣà tó múlé tì wá, ilé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì kan wà níbẹ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Alexandre Dansi àti àwọn tó bá wọn ṣiṣẹ́ ti kọ ọ̀pọ̀ ìwé lórí iṣu àti àwọn ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ wa mìíràn. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n wa, a gbà pé ọmọ lìsáǹsì kò ní yí ayé padà. Ṣùgbọ́n ó lè fi ègé kan kún un, bí ègé náà bá jẹ́ òótọ́.

Iṣu nìkan kọ́. Àìsàn ẹ̀jẹ̀ SS, tí àwọn dókítà wa ń pè ní drépanocytose, lẹ́tà kan ṣoṣo ló yí padà nínú DNA: A kan di T, ẹ̀jẹ̀ pupa á sì máa tẹ̀ bí dòjé. Àwọn ọmọ tí àìsàn yìí pa wà lára àwọn tí wọ́n ń pè ní àbíkú láyé àtijọ́. Ní 1984, àwọn onímọ̀ wo àwọn àmì tó yí lẹ́tà yẹn ká lára okùn DNA, wọ́n sọ pé ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ ní Áfíríkà, wọ́n sì fi orúkọ ilẹ̀ tí wọ́n ti rí wọn pè wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Benin. Èyí tó ń jẹ́ Benin yìí kan náà ló pọ̀ jù ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá ń fẹ́ ọmọ láti Ṣakí wá sí Ṣábẹ̀, tàbí láti Ṣábẹ̀ lọ sí Ṣakí, kó rántí pé ẹ̀jẹ̀ kò mọ pé ẹnubodè wà níbẹ̀, kó lọ ṣe àyẹ̀wò.

Ẹ sì rántí oṣù Kìíní 2016, nígbà tí ibà Lassa bẹ́ sílẹ̀ ní Tchaourou, ní òkè wa níbí. Àrùn tí eku ń kó ran ènìyàn ni, ìlú Lassa ní Bornu ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ní 1969. Ẹ̀rù bà wá débi pé àwọn kan nínú wa da gààrí inú ilé nù. Iṣẹ́ PCR yìí kan náà ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá Lassa ló ń ṣe ènìyàn tàbí ibà ẹ̀fọn. Ẹni tó bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é dáadáa lórí ewé iṣu, ó ti mọ ìpìlẹ̀ ohun tí wọ́n ń ṣe lórí ẹ̀jẹ̀ aláìsàn. Ní Ẹdẹ, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ibi ìwádìí kan wà ní Yunifásítì Redeemer's tí wọ́n ń pè ní ACEGID, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Ní oṣù Kẹta 2020, ibẹ̀ ni wọ́n ti ka àbùdá kòkòrò àrùn kòrónà jáde, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo Áfíríkà. Ẹdẹ o, kì í ṣe Paris. Gbogbo ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn ló ti ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tó di pípẹ́ẹ̀tì mú, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ohun tó wá dùn wá jù nìyí. Ọmọ wa ní Benin kọ ìwé rẹ̀ ní Faransé. Ọmọ àbúrò wa ní Ìbàdàn á kọ tirẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, bóyá lórí iṣu kan náà. Àwọn méjèèjì ń sọ Yorùbá nílé, bí wọ́n bá pàdé lọ́jà wọ́n á jọ ná ọjà láìsí ògbufọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan kò lè ka ìwé èkejì. Ìwé méjèèjì á wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, eruku á bò wọ́n.

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Ojú ewé kan ní Yorùbá, ní ẹ̀yìn gbogbo mémoire tí ọmọ wa bá kọ lórí ohun tó ti ilẹ̀ wa jáde. Kó sọ ohun tó wá, ibi tó ti mú un, ohun tó ṣe, ohun tó rí, àti ohun tí kò rí. Àwọn kan á ní Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún un. Ẹ padà lọ ka ohun tí a kọ sókè yìí. A pe DNA ní okùn, a ní lẹ́tà ló wà lára rẹ̀, a ní ẹ̀rọ ń kọ ẹ̀dà rẹ̀. PCR á máa jẹ́ PCR bí mọ́tò ṣe ń jẹ́ mọ́tò. Ẹnu ọmọ náà la ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, lálẹ́ ọjọ́ kan, lórí ẹní. Ó kàn jẹ́ pé kò sẹ́ni tó bi í rí ni.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá pè ní oṣù Kọkànlá tó ní òun nílò owó kẹ́míkà, ẹ bi í ní orúkọ rẹ̀, ẹ bi í ní iye rẹ̀, ẹ bi í ohun tó fẹ́ fi ṣe, lẹ́yìn náà kí ẹ gbìyànjú. Ẹ dín ìrẹsì kù. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ní Kútọnu, ní Èkó àti lókè òkun, a mọrírì ìwé àjákọ àti báàgì tí ẹ ń pín fún àwọn ọmọ kéékèèké lọ́dọọdún. Ṣé ẹ lè mú ọmọ kan ṣoṣo lọ́dún, tó ti wà ní ọdún àṣekágbá, kí ẹ ra ohun tó nílò fún iṣẹ́ rẹ̀ tààrà, láì kó owó lé e lọ́wọ́? Kí ẹ sì ní àdéhùn kan ṣoṣo pẹ̀lú rẹ̀: kó wá sọ èsì rẹ̀ nílé. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń tọ́ wọn sọ́nà, a mọ̀ pé ọmọ tó wà lábẹ́ yín pọ̀ ju ẹ̀rọ lọ, a kò bá yín jà. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, bí ọmọ bá sọ fún yín pé iṣẹ́ náà kò jáde bó ṣe rò, ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má fi máàkì jẹ ẹ́ níyà. Ìbẹ̀rù yẹn ló ń sọ wọ́n di òpùrọ́.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ máa ṣe soutenance lọ́dún yìí, ní Calavi, ní Parakú, ní Ìdáṣà, ní Ìbàdàn, ní Ifẹ̀, ibí yìí ṣí sílẹ̀ fún yín. Ẹ kọ ìpínrọ̀ méjì ránṣẹ́, ní Yorùbá Ṣábẹ̀ tàbí Kétu tàbí Ọ̀yọ́, bó ṣe bá wọ̀ yín lẹ́nu. A ò ní fi àmì ohùn yọ yín lẹ́nu.

Ní ti ìyá àgbà, a mú ọmọ náà lọ bá wọn ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e. Ó ti fi ọjọ́ mẹ́ta gbára dì, ó ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ó ń pa á rẹ́, ó ń fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp pé ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ó dọ̀bálẹ̀, ìyá ní kó jókòó. Ó ní, "Ìyá, ibi mẹ́jọ ni mo wò lára okùn iṣu méjèèjì. Ní gbogbo ibi mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, wọ́n rí bákan náà. Ó jọ pé iṣu kan ni, orúkọ ló yàtọ̀."

Ìyá gbọ́ ọ, wọ́n mi orí, wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "O ṣeun, ọmọ mi, o padà wá. Ṣùgbọ́n èyí tí mo gbà lọ́dọ̀ àwọn àna mi, ó máa ń tètè jinná, iyán rẹ̀ kì í ní kókó. Èyí tí mo rà ní Glazoué kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ kan náà ni mo sì gbìn wọ́n sí. Ibi mẹ́jọ kò tó. Padà lọ wò ó."

Ọmọ náà yọ ìwé kékeré kan lápò, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.